Òtítọ́ Tí Wọ́n Sọ Níbi Tí Kò Ti Náni Ní Kọ́bọ̀

Kí bàálù kékeré kan tó já sínú òkun lálẹ́ ọjọ́ 21, oṣù Kìíní, ọdún 2019, àwọn méjèèjì tó wà nínú rẹ̀ ló ti sọ ọ́ síta pé ọkàn àwọn ò balẹ̀. Awakọ̀ ti bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ní bàálù náà ò tẹ́ òun lọ́rùn rárá. Ó ní nígbà tí òun ń gbé e lọ sí Nantes, nǹkan kan dún gbàù lójú òkun, pé nǹkan bí ìkùukùu fẹ́ẹ́rẹ́ ń rú nínú ọkọ̀, bíréèkì ẹsẹ̀ òsì ò sì mú mọ́. Ẹ̀wù tí í gbé èèyàn léfòó lórí omi, tó jẹ́ pé àárín àga ló máa ń kì í bọ̀, ó ní lọ́tẹ̀ yìí ọrùn òun ló máa wà. Èrò kan ṣoṣo tó gbé ni Emiliano Sala, agbábọ́ọ̀lù ọmọ ilẹ̀ Argentina, ẹni ọdún 28. Òun náà fi ohùn ránṣẹ́ sáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí WhatsApp nígbà tó ti jókòó sínú bàálù. Ó ní ó jọ pé ọkọ̀ náà fẹ́ tú palẹ̀, ó ní ẹ̀rù ń ba òun.

Kò sí èyí tó parọ́ nínú wọn. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà parí sí ló ká mi lára. Ọ̀rẹ́ tí awakọ̀ ń bá sọ̀rọ̀ ò ní kọ́kọ́rọ́ bàálù lọ́wọ́. Àwọn tó gbọ́ ohùn Sala wà lọ́nà jíjìn. Bí wọ́n tilẹ̀ fẹ́ sáré, ta ni wọn ì bá sáré bá? Ẹni tí òfin fún láṣẹ láti sọ pé bàálù ò ní gbéra ni ẹni tó jókòó sídìí ọkọ̀, òun gan-an ló sì mọ ohun tó ń ṣe bàálù jù. Ó sọ òtítọ́ níbi tí kò ti ná an ní kọ́bọ̀, ó wá gbé bàálù náà gbéra.

Tí àwọn àgbà bá ń ka ohun tó ń mú èèyàn jẹ́ ọmọlúàbí, òtítọ́ kì í gbẹ́yìn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá tò ó mọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, ìtẹríba, inú rere, akínkanjú, iṣẹ́ àti ọpọlọ pípé. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń fi òtítọ́ kọ́ ọmọ nílé, "má parọ́" la sábà máa ń fi mọ. Ọmọ tí kò bá ti parọ́, a ti yìn ín, ó tán. Lójú tèmi, ìdajì ẹ̀kọ́ nìyẹn. Òtítọ́ ọmọlúàbí ní ẹni tó gbọ́dọ̀ bá, ó sì ní àkókò tó gbọ́dọ̀ bá a. Ìdajì kejì yìí la kì í fi kọ́mọ, torí òun ló ń bí ọ̀gá nínú, òun ló ń lé oníbàárà lọ.

Cardiff City, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Wales, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ra Sala lọ́wọ́ Nantes ti ilẹ̀ Faransé ní mílíọ̀nù 15 pọ́n-ùn. Ẹgbẹ́ náà ò ná irú owó bẹ́ẹ̀ sórí ẹnikẹ́ni rí. Lẹ́yìn tó tọwọ́ bọ̀wé, ọmọkùnrin náà fẹ́ padà lọ dágbére fáwọn tí wọ́n jọ ń gbá bọ́ọ̀lù ní Nantes, kó sì tún dé Cardiff kó tó di àárọ̀ ọjọ́ 22 tí ìgbáradì rẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀. Ajẹ́ńtì tó wà nídìí òwò náà kàn sí oníṣòwò kan tó máa ń bá àwọn olówó ṣètò bàálù. Oníṣòwò yìí ti bá ìyàwó rẹ̀ lọ sinmi ní Paris, kò lè wà á fúnra rẹ̀. Ó wá fi iṣẹ́ náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ọkùnrin ẹni ọdún 59 kan. Mi ò ní dárúkọ àwọn méjèèjì. Ọ̀kan ti kú, ilé ẹjọ́ sì ti dá ìkejì lẹ́jọ́. Ìwà wọn ni mò ń wò.

Bàálù náà, Piper Malibu ni, ẹ́ńjìnì kan ṣoṣo ló ní, ọdún 1984 ni wọ́n sì ti ṣe é. Láísẹ́ńsì tó wà lọ́wọ́ awakọ̀, ti ẹni tó ń wa bàálù fún ìgbádùn ara rẹ̀ ni. Òfin ò gbà kó gbé èrò kó sì gba owó iṣẹ́ lé e lórí. Àṣẹ tó ní láti wa irú bàálù bẹ́ẹ̀ ti parí láti oṣù Kọkànlá ọdún 2018. Ojú rẹ̀ ò sì lè fi ìyàtọ̀ sáàárín àwọ̀ dáadáa, nítorí náà ọ̀sán nìkan ni wọ́n gbà kó máa wà á. Ní Èkó, gbogbo wa la mọ kábúkábú: ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí kò ní nọ́ńbà takisí, tí kò ní àmì kankan lára, ṣùgbọ́n tó ń gbé èrò gbowó. Kábúkábú òfuurufú nìyí. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé bí kábúkábú bá kọṣẹ́ ní Ìkẹjà, èèyàn á sọ̀ kalẹ̀, á dúró de òmíràn.

Oníṣòwò yẹn ò lè sọ pé òun ò mọ̀. Lọ́dún 2018, ẹni tí bàálù náà wà níkàáwọ́ rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un pé kó má jẹ́ kí awakọ̀ yìí wà á mọ́, torí pé ó ti ya wọ ojú òfuurufú tí kò yẹ kó wọ̀, lẹ́ẹ̀mejì. Kò gbọ́. Wọ́n ka àtẹ̀jíṣẹ́ kan tó fi ránṣẹ́ sí awakọ̀ nígbà yẹn ní ilé ẹjọ́: ó ní àwọn méjèèjì lè rí owó nídìí òwò náà, àmọ́ kò ní rí bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá ń múnú bí oníbàárà tàbí tí wọ́n bá jẹ́ kí àjọ CAA, tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ bàálù ní Britain, gbójú sókè wò wọ́n. Ẹ wo ohun tó ń bà á lẹ́rù. Oníbàárà ń bà á lẹ́rù, ìjọba ń bà á lẹ́rù.

Ọ̀rọ̀ àkókò tí wọ́n gbéra ni mo fẹ́ ká fara balẹ̀ wò jù. Àárọ̀ ọjọ́ 21 ni wọ́n kọ́kọ́ fi ìrìn àjò náà sí. Wọ́n sún un di alẹ́ kí Sala lè lo ọjọ́ náà pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Kò sí àìdáa kankan níbẹ̀. Ẹni tó ń fi ibi tó ti ṣiṣẹ́ sílẹ̀ ló ń dágbére. Ṣùgbọ́n awakọ̀ tí kò láṣẹ òru gbọ́ pé ó ti di alẹ́, ó sì gbà. Gbólóhùn kan ló yẹ kó jáde lẹ́nu rẹ̀: "Ẹ má bínú, mi ò lè wà á lóru, ẹ jẹ́ kó di àárọ̀ ọ̀la." Kí ni ì bá tẹ̀yìn rẹ̀ yọ? Sala ì bá pẹ́ dé ìgbáradì ọjọ́ àkọ́kọ́, inú kóòṣì ì bá má dùn. Oníṣòwò ì bá pàdánù oníbàárà kan, awakọ̀ ì bá pàdánù owó iṣẹ́ rẹ̀. Ó tán. Mo ti wá a títí, mi ò rí ohun mìíràn tí gbólóhùn yẹn ì bá ná wọn.

Aago 8:15 alẹ́, ní aago ilẹ̀ Faransé, ni wọ́n gbéra. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà wa bàálù. Àwọn kan máa ń fi ojú wo ilẹ̀ àti òfuurufú, kí wọ́n mọ ibi tí wọ́n dorí kọ. Àwọn mìíràn kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́kẹ̀ lé àwọn aago tó wà níwájú wọn nìkan, torí inú ìkùukùu, pàápàá lóru, ara èèyàn máa ń tan án jẹ: ọkọ̀ á ti tẹ̀, awakọ̀ á rò pé ó dúró ṣánṣán. Ọ̀nà ojú ni bàálù yìí ń tọ̀, lóru, nínú ojú ọjọ́ tí kò dáa, lọ́wọ́ ẹni tí kò kọ́ wíwa bàálù lóru, tí kò sì tíì fi aago wà á láìpẹ́. Nítòsí erékùṣù Guernsey, lójú òkun tó wà láàárín ilẹ̀ Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó tọrọ àyè láti wálẹ̀ sí i, kó lè bọ́ lọ́wọ́ ìkùukùu. Nígbà tó fi máa pé bíi wákàtí kan tí wọ́n ti gbéra, wọn ò rí i mọ́ lórí rédà.

Àjọ AAIB, tó ń ṣèwádìí ìjàǹbá bàálù ní Britain, gbé ìròyìn wọn jáde lọ́dún 2020. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibi tí awakọ̀ ti ń yí bàálù náà kó má bàa wọ inú ìkùukùu ló ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Eré rẹ̀ wá ju ohun tí ara rẹ̀ gbà lọ, ó sì fọ́ lójú ọ̀run kó tó kan omi. Lọ́jọ́ 3, oṣù Kejì, ọdún 2019, wọ́n rí àfọ́kù rẹ̀ nísàlẹ̀ òkun, ní ibi tó jìn ju mítà 60 lọ. Wọ́n gbé òkú Sala jáde. Ti awakọ̀, wọn ò rí i títí dòní.

Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ Sala wò ni ọ̀rọ̀ tuntun jáde. Kábọ́ọ̀nù mónóksáìdì wà nínú rẹ̀, ó tó ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tó bá ti kọjá 50 lè pani. Ẹ mọ gáàsì yìí o. Òun náà ni í pa odidi ìdílé mọ́jú nígbà tí wọ́n bá gbé jẹnẹrétọ̀ sítòsí fèrèsé tí wọ́n sì sùn lọ. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Ẹ́ńjìnì tó ń jó epo ló ń tú u jáde, bí páìpù èéfín rẹ̀ bá sì lu, ó lè wọlé bá àwọn tó wà nínú ọkọ̀. Àwọn olùṣèwádìí gbà pé ó ṣeé ṣe kí gáàsì náà ti mú awakọ̀ pẹ̀lú. Lọ́dún 2022, ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ ikú Sala ní Bournemouth sọ pé ìfarapa orí àti àyà ló pa á, ṣùgbọ́n gáàsì ti dá a kú kí bàálù tó já. Kò sí ẹ̀rọ tó ń ké nínú bàálù náà bí gáàsì bá wọlé, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ ọ̀hún ò wọ́n rárá. Èyí tó wá ya èèyàn lẹ́nu ni pé iṣẹ́ ẹ̀rọ gáàsì tó ń mú ilé gbóná ni awakọ̀ yìí ń ṣe jẹun. Ó ṣòro kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má mọ ohun tí gáàsì yìí lè ṣe.

Ibí yìí ni alátakò mi á ti dìde. Á ní: gáàsì ò bi ẹnikẹ́ni léèrè láísẹ́ńsì, bí awakọ̀ tó mọṣẹ́ jù lágbàáyé bá wà níbẹ̀, gáàsì á mú un. Ọ̀rọ̀ gidi lèyí, mi ò sì ní gbé e jù sẹ́yìn. Agbẹjọ́rò oníṣòwò náà sọ ohun tó jọ ọ́ ní ilé ẹjọ́ Cardiff lọ́dún 2021, pé àṣìṣe oníbàárà òun ò ju ọ̀rọ̀ ìwé lásán lọ. Ìgbìmọ̀ onídàájọ́ ò gbà fún un. Wọ́n ní ó jẹ̀bi fífi bàálù sínú ewu, adájọ́ sì rán an lẹ́wọ̀n oṣù 18.

Èmi náà ò gbà fún un. Lóòótọ́, ìwé kì í gbé bàálù fò. Ṣùgbọ́n kí ni ìwé náà dúró fún? Ẹni tó gba àṣẹ láti máa fi bàálù kérò ní olùyẹ̀wò tó ń wá bá a lójijì. Ó ní mẹkáníìkì tó gbọ́dọ̀ tọwọ́ bọ̀wé kí ọkọ̀ tó jáde, ó ní awakọ̀ tí wọ́n ń dán wò lóòrèkóòrè. Bí bàálù rẹ̀ bá dún gbàù lójú òkun, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹlòmíràn kà á, kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò kó tó tún gbéra. Gbogbo ìwé wọ̀nyẹn, ọ̀nà tí òtítọ́ ń gbà dé etí ẹni tó lè ṣe nǹkan sí i ni. Ẹni tó bá yẹ̀ wọ́n sílẹ̀ ti dí ọ̀nà náà, ìdí nìyẹn tí ìròyìn bàálù tó ń ṣàìsàn fi parí sórí fóònù ọ̀rẹ́. AAIB ò sì fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: wọ́n ní àìtẹ̀lé ìlànà àwọn tó ń fi bàálù ṣòwò mú kó rọrùn kí bàálù náà bọ́ mọ́ awakọ̀ lọ́wọ́.

Kí lẹ rò pé oníṣòwò náà kọ́kọ́ ṣe nígbà tó gbọ́ pé wọn ò rí bàálù mọ́? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sáwọn tó mọ̀ nípa òwò náà pé kí wọ́n ṣọ́ ẹnu wọn. Èèyàn méjì ṣì wà nínú omi.

Àwọn kan á ní ìtẹríba ló fà á tí awakọ̀ fi gbà. Ọ̀gá ló ní kó lọ. Ta ló fẹ́ já ọ̀gá kulẹ̀? Àwa Yorùbá mọ irú ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, mo sì rò pé a ti ṣi ìtẹríba lò ju bó ṣe yẹ lọ. Ìtẹríba ò sọ pé kí ọmọdé dákẹ́. Ó sọ bí á ṣe sọ̀rọ̀ ni. Èdè wa lówó lọ́wọ́ ní ti ká fi ọ̀wọ̀ kọ nǹkan: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fi jì mí, mi ò ní lè gbé e lálẹ́ yìí." "Bàbá, mo tọrọ gáfárà, ọkọ̀ yìí ò dá." Èèyàn lè dọ̀bálẹ̀ gbalaja kó sì kọ̀ jálẹ̀. Mo gbà pé ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ sísọ fi wà lára ohun tí wọ́n kà fún ọmọlúàbí, tí akínkanjú náà sì wà níbẹ̀. A máa ń rò pé ojú ogun ni akínkanjú ń lọ. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹni tó bá lè dúró sílẹ̀ ni akínkanjú.

Nílé wa ńkọ́? Lọ́jọ́ 3, oṣù Kẹwàá, ọdún 2013, bàálù Embraer kan gbéra ní Ìkẹjà, ó ń gbé òkú Dókítà Olúṣẹ́gun Àgàgú, gómìnà Òǹdó tẹ́lẹ̀, lọ sí Àkúrẹ́ fún ìsìnkú. Kò jìnnà tó fi já lẹ́bàá pápákọ̀ òfuurufú. Púpọ̀ nínú àwọn tó wà nínú rẹ̀ kú. Dèjì Fálaè, kọmíṣọ́nà nípìnlẹ̀ Òǹdó, wà lára wọn. Àjọ tó ń ṣèwádìí ní Nàìjíríà rí i pé ohùn ìkìlọ̀ ti ń dún níwájú àwọn awakọ̀ kí bàálù tó kúrò nílẹ̀. Wọ́n rí i pé àwọn awakọ̀ ti bá ara wọn sọ ọ́ pé nǹkan kan ń ṣe bàálù náà, síbẹ̀ wọ́n ń bá eré wọn lọ. Òtítọ́ tún wà lẹ́nu, kò sì dá ohunkóhun dúró. Ìròyìn náà tún bu ẹnu àtẹ́ lu ìṣe ilé iṣẹ́ bàálù ọ̀hún àti àbójútó ìjọba. Ẹ rántí pé òkú ńlá ni wọ́n gbé. Mi ò lè sọ ohun tó wà lọ́kàn àwọn awakọ̀, àmọ́ ẹni tó bá ti ṣe ìsìnkú nílẹ̀ yìí rí mọ bó ṣe máa ń ṣòro kéèyàn sọ pé kí wọ́n dá nǹkan dúró nígbà tí àlejò ti ń dúró dè é.

"Kò sí nǹkan tó máa ṣẹlẹ̀." Gbólóhùn yìí ló ń pa èèyàn nínú mọ́tò, nínú ọkọ̀ ojú omi, nínú bàálù, a sì ń sọ ọ́ bíi pé àdúrà ni. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà, kó gbàdúrà lẹ́yìn tó bá ti yẹ táyà wò.

Èrò pàápàá ní tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Lọ́jọ́ 25, oṣù Kẹjọ, ọdún 2001, Aaliyah, ọmọbìnrin olórin Amẹ́ríkà, kú pẹ̀lú èèyàn mẹ́jọ nínú Cessna kan ní erékùṣù Abaco, lórílẹ̀-èdè Bahamas. Ẹrù àti èèyàn tó wà nínú bàálù náà ju agbára rẹ̀ lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ sì wúwo jù. Awakọ̀ rẹ̀ ò ní àṣẹ láti wà á fún ilé iṣẹ́ tó ń fi ọkọ̀ náà ṣòwò, wọ́n sì bá kokéènì àti ọtí lára òkú rẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ ròyìn pé ó sọ pé ẹrù pọ̀ jù, pé àwọn èrò ní àwọn ò ní fi ẹrù sílẹ̀, àwọn fẹ́ délé. Ó juwọ́ sílẹ̀. Bí awakọ̀ burúkú bá tilẹ̀ sọ òtítọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó yẹ kí ẹni tó sanwó lè gbà á.

 

Ní Britain, láti ọjọ́ kìíní ọdún 2025, àjọ CAA ti pa á láṣẹ pé ẹ̀rọ tó ń ké bí gáàsì bá wọlé gbọ́dọ̀ wà nínú irú bàálù kékeré tí Sala wọ̀ bí wọ́n bá gbé èrò tí kì í ṣe awakọ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà ò ní ké nígbà tí ẹni tí kò láṣẹ òru bá jókòó sídìí ọkọ̀. Ní Nàìjíríà, lọ́dún 2024, àjọ NCAA, tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ bàálù níbẹ̀, fi òfin de àwọn oníbàálù aládàáni kan tí wọ́n ń fi ọkọ̀ wọn kérò gbowó, mínísítà ọ̀rọ̀ òfuurufú sì gbé ìgbìmọ̀ dìde lórí rẹ̀. Òwò náà wà lọ́dọ̀ wa, àwọn tó lówó ló sì ń gbé e ró. Ẹni tí wọ́n bá bá háyà bàálù lọ sóde ìgbéyàwó tàbí ìpàdé òṣèlú ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé AOC, tó fi hàn pé òfin gbà kí ọkọ̀ náà fi èrò ṣòwò, kó sì bi awakọ̀ bóyá ó láṣẹ òru bí ilẹ̀ bá máa ṣú lọ́nà. Bí wọ́n bá bi í pé kí ló fẹ́ fi ìwé ṣe, kó kó ẹrù rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.